Ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà: báwo la ṣe ń mọ iye tó yẹ ká tà á? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀

Kí ni à ń pè ní owó tó tọ́?

Iye tí ẹni tó mọ ọkọ̀ náà tinú-tòde máa san láìsí pé wọ́n ń kán an lójú, tí ẹni tó ni ín náà sì máa gbà láìsí pé wàhálà kan ká a mọ́. Iye tí ẹ rà á ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn kò sí nínú ìṣirò yìí. Owó ilé-ìwé ọmọ tí ẹ fẹ́ fi san kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ ni oníbàárà ń rà, bó ṣe wà lónìí.

Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí jẹ mọ́ ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 12, tí ẹnì kan ń tà fún ẹlòmíì láìgba ọwọ́ oníṣòwò. Owó páàkì ọkọ̀ ní Kútọnú ga ju èyí lọ, nítorí oníṣòwò ń san owó ilẹ̀, ó ń san owó ọlọ́dẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jèrè. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tiyín lọ bá òun náà pé kó rà á, iye tó rẹlẹ̀ ló máa pè, torí ó ṣì máa tún un tà. Àárín méjèèjì ni owó tiwa wà.

Níbo ni mo ti máa mọ iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ mi?

Ẹ wá ẹni mẹ́ta tó ra irú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Iye tí wọ́n san ni kí ẹ bi wọ́n, ẹ má bi wọ́n ní iye tí wọ́n pè fún wọn. Mẹkáníìkì yín lè mọ̀ wọ́n, torí òun ni àwọn èèyàn máa ń mú lọ́wọ́ kí wọ́n tó san owó. Àwọn awakọ̀ tó ń já èrò láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnú àti sí Pọ́bẹ̀ náà mọ̀ ọ́n dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi ná ojú ọ̀nà.

Iye tí ẹ rí lórí Facebook tàbí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, iye ìpè ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Èyí tí wọ́n tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó rẹ̀ sún mọ́ òótọ́. Èyí tó ti wà níbẹ̀ fún oṣù méjì, ọjà ti dá ẹni tó ń tà á lóhùn.

Bí mo bá sì sọ pé irú rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni: orúkọ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, epo kan náà, jíà kan náà, kí ọdún wọn má jìnnà síra ju méjì lọ. Corolla oní-ẹ́sáǹsì tó ń lo jíà ọwọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ Avensis oní-gáàsóìlì, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ Toyota.

Ọkọ̀ mi ti pé ọdún 20. Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ ló máa já owó rẹ̀ lulẹ̀?

Ọkọ̀ tuntun ni ọdún máa ń jẹ lówó jù. Nígbà tó bá ti tó nǹkan bí ọdún 15, ọdún kan sí i kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ nǹkan kúrò mọ́. Corolla 2003 tí olówó rẹ̀ ń yí ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò máa lówó lórí ju 2007 tí wọ́n fi ṣe takisí títí ìjókòó rẹ̀ fi ya. Ipò rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ ni ẹ máa fi tà á.

Ohun èlò tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ohun èlò rẹ̀ kún ọjà, tí mẹkáníìkì ní Kétu mọ bí wọ́n ṣe ń tú u bí tí Kútọnú ṣe mọ̀ ọ́n, kì í tètè wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Toyota àgbà fi máa ń lówó lórí ju ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ti ná ìlọ́po owó rẹ̀ sí nígbà tó wà ní tuntun. Ẹni tó bá ń ta irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kó yáa múra sílẹ̀ láti gba iye tó máa dùn ún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà gan-an?

Nọ́ńbà ṣáásì ni. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni gbogbo rẹ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti 1981 síwájú, kò sì gbọdọ̀ sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 1 ni 2001, 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. VF ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Fáráǹsì.

Ìkẹwàá yìí kì í sábà sọ ọdún lára ọkọ̀ Yúróòpù. Ní tiwọn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú káàtì gíríìsì (carte grise, ìwé ọkọ̀ tó gbé orúkọ ẹni tó ni ín), lẹ́yìn náà ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìsàlẹ̀: lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó gbé ọdún tí wọ́n ṣe bẹ́líìtì. Bí nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, bó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ má ná an rárá.

Kílómítà rẹ̀ kéré. Ṣé kí n fi owó kún un?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kílómítà ni lóòótọ́. Máìlì ni ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà. 150,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 241,000 kílómítà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti ra ọkọ̀ 241,000 kílómítà ní owó ọkọ̀ 150,000 kílómítà.

Wọ́n tún máa ń dá a padà sẹ́yìn. Ẹ wo rọ́bà orí ìjánu, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára sítíárì, ẹ wo etí ìjókòó awakọ̀ níbi tí èèyàn ń gbà wọlé. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti jẹ tán tí aago sì ń sọ 80,000, aago ló ń parọ́. Láìsí ìwé tó fi hàn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ọdún dé ọdún, mi ò ní fi sẹ́fà (owó CFA) kan kún owó ọkọ̀ ọlọ́dún 18 nítorí kílómítà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ná 400,000 sẹ́fà sí i lára. Ṣé mo lè fi í kún owó rẹ̀?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn, àmọ́ ẹni tó ń rà á ti gbà pé ọkọ̀ tó ń rìn ni ẹ fẹ́ tà fún òun. Àtúnṣe tí ẹ ṣe ló jẹ́ kó tó owó ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gbé e kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí táyà bá jẹ́ tuntun tàbí bátìrì kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ lè rí ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ gbà padà, bí rìsíìtì bá wà.

Rédíò ńlá, ríìmù dídán, aṣọ ìjókòó aláwọ̀ pupa: fún ìgbádùn ara yín lẹ ṣe rà wọ́n. Ẹ tú wọn kúrò kí ẹ tà wọ́n lọ́tọ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Kí ni kí a wò kí a tó dá owó lé e?

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ sì sọ fún olówó rẹ̀ pé kó má tan án ṣáájú kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí. Bí wọ́n bá tan án, ẹ dúró sẹ́yìn: èéfín tó ń ta sí búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ń wọ ibi tí kò yẹ, dúdú, epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun funfun kan tó ki níbẹ̀ bí ògì tí wọ́n da wàrà sí, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ lè máa bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun láti ibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé Kánádà tàbí Jámánì máa ń jẹpẹtà lábẹ́ nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, ọ̀dà tuntun sì lè bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ẹ fi ìka kàn án. Táyà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Táyà tó tutù lójú lè ti gbó tán.

Ọkọ̀ tó ti mu omi ni mo bẹ̀rù jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi kan rí Peugeot 406 kan tó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ sì dín ní ìdá mẹ́ta sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń ta sánsán lọ́fínńdà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó awakọ̀ sókè. Yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò síbẹ̀ ní ìlà kan, ó ti gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ irin bí ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, bóòtù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ sì ti pọ́n. Waya ọkọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ á máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lónìí fèrè, lọ́la iná, títí olówó rẹ̀ á fi sú. A kí olówó rẹ̀, a sì bá tiwa lọ. Kò sí iye tó dín tó fún irú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ tún bèèrè irú epo tó ń mu. Ọkọ̀ tó ti ń fi kpayo inú ìgò (epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà) rìn fún ọdún mẹ́wàá lè ní ìdọ̀tí nínú táńkì àti nínú ẹ̀rọ tó ń fa epo. Bó bá ń wúkọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, ẹ yọ owó ìfọ̀ rẹ̀ kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀.

Mo ń fi iye wọ̀nyí kọ́ni lásán ni, ẹ fi ti ọjà àkókò yín rọ́pò wọn. Ká gbà pé ẹni mẹ́ta ra irú Corolla tí ẹ fẹ́: ọ̀kan san 1,900,000 sẹ́fà, èkejì 1,850,000, ẹ̀kẹta 1,650,000, àmọ́ ẹ́sì (ẹ̀rọ amúlétutù) tẹni kẹta kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ́sì èyí tó wà níwájú yín bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi tẹni kẹta sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1,850,000.

Mẹkáníìkì wá sọ pé ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì ti lọ, 70,000 pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Táyà méjì fẹ́ pàrọ̀, 80,000. Fìsíìtì (ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀) ti kú, owó orí ọkọ̀ tí à ń pè ní TVM kò tíì jẹ́ sísan, ẹ fi 50,000 sí i. Ó ku 1,650,000. Iye tó tọ́ nìyẹn. Bí olówó rẹ̀ bá pe 2,200,000, ẹ ka ìwé yín fún un ní ẹsẹ-ẹsẹ. Ẹni tó fẹ́ tà á máa gbọ́.

Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́: owó àtúnṣe nìkan ni kí ẹ yọ, kí ẹ sì bi ẹni tó máa ṣe é ní iye rẹ̀ gan-an. Àwọn kan máa ń rí ojú ibi tó fara pa níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n sì fẹ́ yọ 300,000. Ìyẹn kì í ṣe ìnájà, ìrẹ́jẹ ni.

Ìwé wo ló gbọ́dọ̀ wà, kí sì ni àìsí rẹ̀ máa ń yọ kúrò nínú owó?

Káàtì gíríìsì ni olórí. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Bí kì í bá ṣe orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé títà tó so òun mọ́ ẹni náà. Ní Bẹ̀nẹ̀, ANaTT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà orí ilẹ̀, ló ń yí orúkọ padà lórí káàtì gíríìsì. Púpọ̀ nínú wa kì í lọ. Ẹnì kan á tà fún ẹnì kejì, ẹnì kejì á tà fún ẹ̀kẹta, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ á sì wà níbẹ̀ títí ẹni náà á fi kú, ẹ̀yin tí ẹ rà á ní ìkẹrin á wá máa wá àwọn ọmọ rẹ̀ kiri. Gbogbo ọwọ́ tí ọkọ̀ ti gbà láìyí orúkọ, owó àti ọjọ́ ni wọn yóò ná yín. Ẹ bi wọ́n ní ANaTT iye tó máa jẹ́, kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára owó ọkọ̀.

Asiráǹsì, fìsíìtì àti TVM rọrùn ju ìyẹn lọ: wọ́n ní iye, ẹ máa yọ iye wọn ni. Ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti san owó aṣọ́bodè ló wà ní àyè ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní in kò ní iye tó tọ́, torí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọkọ̀ nọ́ńbà Nàìjíríà kan wà ládùúgbò wa, ó dínwó gan-an. Ṣé kí n rà á?

Ó dínwó torí owó aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n ní iye tí wọ́n máa gbà kí ó tó lè gba nọ́ńbà tiwa, kí ẹ fi kún un, kí ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì dínwó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dínwó mọ́.

Kí ló dé tí iye ọkọ̀ fi ń lọ sókè sódò ní ẹ̀bá ẹnubodè níbí?

Nítorí pé Nàìjíríà ni ọjà ńlá tó wà lẹ́yìn wa. Láti oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba wọn ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2019 wọ́n ti ẹnubodè fún ọjà, wọn kò sì ṣí Sẹ̀mẹ̀ títí di oṣù Kejìlá 2020. Ní 2023 wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, náírà sì já. Kpayo tó ń wá láti ọ̀hún gbówó lórí, àwọn tó ní ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa tà á fún. Iye tí ẹ gbọ́ ṣáájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúlò mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Owó tiwa so mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò ń yí. Fún ìdí èyí, ọkọ̀ venu de France (àlòkù tó ti Fáráǹsì wá) kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n nítorí pàṣípààrọ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, dọ́là ló ń gbé e.

Ṣé ó máa ń dínwó ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ ju Àjàṣẹ́ lọ?

Àwọn tó ń rà á kò pọ̀ tó níbẹ̀, torí náà olówó rẹ̀ lè tètè gbà. Àmọ́ ọkọ̀ tó ga nílẹ̀, tó lè wọ ọ̀nà oko, lè wọ́n ju tiwa lọ. Ẹ fi owó ìrìn àti ti mẹkáníìkì tí ẹ máa mú dání kún un kí ẹ tó sọ pé ẹ rí ẹ̀dínwó.

Èló ni kí n fún alágbàtà?

Iye tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí kó tó mú oníbàárà wá, kó sì jẹ́ iye kan pàtó. Bí ẹ bá sọ fún un pé ohunkóhun tó bá kọjá 1,600,000 jẹ́ tirẹ̀, ó máa pe 2,000,000, ọkọ̀ yín á sì dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń rà mọ̀ pé alágbàtà wà láàárín. Ẹ má jẹ́ kí owó ọkọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Iye wo ni kí n kọ́kọ́ pè?

Ìnájà wà lára wa, ẹni tó bá pe iye tó tọ́ gan-an tó sì kọ̀ láti wálẹ̀, wọ́n á ní ó le. Ẹ fi bí ìdá mẹ́wàá sí i. Bó bá jẹ́ 1,650,000 ni ẹ fẹ́, ẹ pe 1,800,000. Ẹni tó bá pe 2,500,000 ń lé àwọn tó mọ iye ọkọ̀ lọ, àwọn tó kù máa jẹ́ àwọn tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Mo ti rí bàbá kan tó pa bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé wẹ́rẹ́, tó ní ọkọ̀ òun kì í ṣe títà mọ́, nítorí ọmọdé kan fún un ní 600,000 lórí ọkọ̀ tó fi ọ̀wọ̀ tọ́jú fún ọdún 14.

Ṣé dandan ni kí n sọ àléébù rẹ̀?

Dandan ni. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó pe owó, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú owó fúnra yín. Nígbà tí mo ta Carina E mi, mo sọ fún ìyá tó fẹ́ rà á pé jíà kẹta máa ń ta kò mí bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Mo mú un wakọ̀ náà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kó lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó yọ 60,000 kúrò, ó sì san ìyókù lọ́jọ́ náà. A ṣì máa ń pàdé lọ́jà Wàńdó, ó sì máa ń dá mi dúró kí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ rà á. Báwo ni mo ṣe máa dá owó lé e?

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni, kí ẹ sọ iye náà fún un, lẹ́yìn náà ẹ sọ iye tí ẹ fi ta á lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa mọ̀ pé ẹ ti ṣe é lóore. Bí ẹ bá kàn pe iye kékeré láìsọ̀rọ̀, ó lè rò pé iye rẹ̀ náà nìyẹn, kó sì tún ní kí ẹ yọ níbẹ̀.

Ọkọ̀ mi kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọdún kan. Ṣé ó ṣì lówó lórí?

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ṣì dára lára rẹ̀: jíà, ilẹ̀kùn, iná iwájú, ríìmù, ráàdíétọ̀. Ẹ bi àwọn tó ń ta ohun èlò àlòkù ní iye tí wọ́n máa fún yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ti irin kún un. Ìpìlẹ̀ owó rẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Bí ìwé rẹ̀ bá pé, ẹ béèrè sí i lórí rẹ̀.

Ó fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bí ẹ bá gbà, owó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i díẹ̀, káàtì gíríìsì sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín títí owó á fi pé. Ẹ má fún ẹni tí kò bá lè san ìdajì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ MoMo (owó orí fóònù) ló fi ránṣẹ́, ẹ wo inú àkáǹtì yín fúnra yín. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń hàn lórí fóònù rẹ̀ kì í ṣe owó.

Ẹ kọ ìwé títà ní ẹ̀dà méjì, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣáásì, iye owó, àléébù tí ẹ sọ, ọjọ́ àti aago tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Aago yẹn ṣe pàtàkì: bí ọkọ̀ náà bá gbá ènìyàn ní aago mẹ́rin ọ̀sán, tí ẹ sì gbé e fún un ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìwé náà ló máa gbà yín sílẹ̀. Ẹ ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ya tiyín. Kọ́kọ́rọ́ kejì náà, bó bá wà, ẹ fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá san owó tán.